Bí Ẹ̀rọ Omi Ilé Ìdáná Bá Bàjẹ́ ní Ìdálẹ̀: Iṣẹ́ Tí Ọwọ́ Ẹni Lè Ṣe

Àwọn àgbà a máa sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ àtirelé tó pé, inú ilé tí a háyà ní ìdálẹ̀ ni a óò máa sùn, ibẹ̀ ni a óò máa jí, omi tí ó wà níbẹ̀ ni a óò sì fi máa se oúnjẹ. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó tọ́ kí a bá ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn sọ̀rọ̀ lórí ohun kékeré kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí títí yóò fi di ìyọnu. Ohun náà ni ẹ̀rọ omi inú ilé ìdáná: bí a ti ń yọ èyí tí ó ti bàjẹ́, àti bí a ti ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀ láìjẹ́ pé a ránṣẹ́ pe púlọ́ńbà.

Eliozu ni òǹkọ̀wé yìí ń gbé, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor, lórí ilẹ̀ àwọn Ikwerre, níbi tí títì East-West ti gba ẹ̀yìn ìlú Port Harcourt kọjá. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín, kí ẹlòmíràn má baà kó sí irú àṣìṣe tí mo kó sí.

OMI ÈKÓ ÀTI OMI ELIOZU

Ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná láàrin wa. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba amúnisìn gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, kí ó sì máa gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú, àwọn ènìyàn fárí gá pé àwọn kò ní í san án. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an láti ta ko owó omi yìí. Bí wọ́n ti jà tó, omi náà wọ ìlú, ó sì ti wọ̀ wá lọ́kàn láti ìgbà náà pé omi jẹ́ ohun tí ìjọba ń fi ránṣẹ́, tí iṣẹ́ tiwa kò ju kí a ṣí ẹnu ẹ̀rọ lọ.

Ní Eliozu, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, onílé ni ó gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù sí àgbàlá. Pọ́ǹpù ni ó ń fa omi gòkè sínú táǹkì tí a gbé ka orí òpó irin. Láti inú táǹkì yìí ni omi sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú páìpù wá sí ilé ìdáná. A lè sọ pé ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ní ilé iṣẹ́ omi tirẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, a kò rí òṣìṣẹ́ ìjọba tí a óò fi ẹjọ́ sùn. Àwọn tí ń gbé inú ilé náà ni ìyà rẹ̀ yóò jẹ.

Omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè Port Harcourt pẹ̀lú ní ìwà tirẹ̀. Ó a máa kan ju bí ó ti yẹ lọ, bí ahọ́n kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, irin a sì máa wà nínú rẹ̀ ní yíyọ́. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, yóò mọ́ gaara. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án fún ìgbà díẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí omi ìpẹtà. Ìlànà omi mímu tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 2007 sọ pé irin inú omi kò gbọdọ̀ ju miligíráàmù 0.3 lọ nínú lítà 1, kì í sì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀hóòlù ìlú yìí ni ó bọ́ sí abẹ́ ìwọ̀n náà. Irú omi bẹ́ẹ̀ a máa jẹ irin ẹ̀rọ láti inú wá, ìpẹtà rẹ̀ a sì máa dí asẹ́ wẹ́wẹ́ tí ó wà ní ẹnu ẹ̀rọ. Kí ó má ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nígbà náà, bí ẹ̀rọ tí a rà pẹ̀lú owó gọbọi kò bá pẹ́ rárá níbí.

ÀṢÌṢE TÍ MO ṢE

Ìdílé mẹ́rin ni ó wà nínú ilé tí mo ń gbé, táǹkì kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń lò. Ẹ̀rọ ilé ìdáná mi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. N kò kà á sí. Ìyàwó mi ni ó gbé abọ́ lítà 5 sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí a fẹ́ sùn ní alẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí a jí lẹ́yìn wákàtí 8, abọ́ náà ti kún dé etí. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro: lítà 5 ní wákàtí 8 jẹ́ lítà 15 ní ọjọ́ kan, lítà 450 ní oṣù kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì táǹkì onílítà 1,000. Owó iná àti owó epo jẹnẹrétọ̀ tí a fi ń fa omi náà sì jẹ́ owó tí ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dá. A jẹ́ pé owó àwọn aládùúgbò mi ni ó ń jò dànù láti ẹnu ẹ̀rọ mi ní òru, tí èmi sì ń sùn.

Ìtìjú èyí mú mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo ra ẹ̀rọ tuntun, mo yá sípánà ńlá kan, mo ti ọwọ́ ìdádúró omi tí ó wà lábẹ́ táǹkì, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ àtijọ́ náà le. Mo fi agbára fà á. Mo gbọ́ tí nǹkan kan ró kẹ̀ nínú ògiri. Ìgúnpá páìpù tí ẹ̀rọ náà wọ̀ sí ni ó ti sán.

Kí n tó mọ ohun tí n óò ṣe, ariwo ti ta ní àgbàlá. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò wa wà ní ilé ìwẹ̀ tí ọṣẹ sì bo gbogbo ojú rẹ̀. Ìyá kan tí ń se oúnjẹ tà ti gbé ìkòkò ka iná, kò sì rí omi bù sí i. Gbogbo wọn sáré jáde, wọ́n bá mi pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Ìyá olóúnjẹ náà bi mí léèrè bóyá bí a ti ń ṣe ní ìlú tiwa nìyẹn, pé kí ènìyàn kan pa omi mọ́ gbogbo ilé lójú láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará mi, n kò rí èsì kankan fọ̀. Nígbà tí ó fi di wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà tí púlọ́ńbà fọ́ ògiri tí ó sì pa páìpù náà dé, mo ti náwó púpọ̀ ju owó ẹ̀rọ lọ, mo sì ti di ẹni tí a ń fi ojú burúkú wò.

Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Ìbàdàn, ń gbé ní ilé kejì sí tiwa. Ilé ìtúnṣe ọkọ̀ ojú irin ni ó ti ṣiṣẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Mo lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ pé kí ó bá mi wo iṣẹ́ tí ó kù. Ó wo ìgúnpá tí ó sán náà lọ, ó wò ó bọ̀.

"Ta ni ó ní kí o bá irin jà?" ni ó wí.

"Bàbá, ó le ni," ni mo dáhùn.

"Ó le, o sì fẹ́ le jù ú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Ṣé o tilẹ̀ sọ fún àwọn ará ilé kí o tó ti omi?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Èmi kọ́ ni wàá bẹ̀. Lọ bẹ̀ wọ́n, kí o sì dá àkókò fún wọn. Bí o bá dé, ìwọ fúnra rẹ ni wàá de ẹ̀rọ yìí. Èmi yóò jókòó tì ọ́ ni."

Mo lọ láti ilé dé ilé. Mo tọrọ àforíjì, mo sì sọ pé ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ kejì, n óò ti omi fún wákàtí kan, kí olúkúlùkù pọn èyí tí yóò lò pamọ́. Kò sí ẹni tí ó bá mi jà. Ìyá olóúnjẹ ni ó tilẹ̀ rán mi létí pé kí n pa pọ́ǹpù pẹ̀lú.

KÍ A TÓ RA TUNTUN

Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá kọ́ mi ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tí ó ń jò ni ó yẹ kí a jù nù. Bí omi bá ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ nígbà tí a ti tì í pa, inú rẹ̀ ni àléébù wà. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí a ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kí ó tó ṣí ní rọ́bà pẹlẹbẹ kan nínú, tí a ń pè ní wọ́ṣà. Rọ́bà yìí ni í gbó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, bí a bá sì ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò tún dára. Irú ẹ̀rọ yìí ti pẹ́ láyé, nítorí pé ọdún 1845 ni ilé iṣẹ́ Guest and Chrimes ní ìlú Rotherham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Bí omi bá ń jáde ní ìdí ibi tí ẹ̀rọ ti wọ ògiri, téèpù tí a fi dì í ni ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ara ẹ̀rọ bá ti sán, tàbí tí ìpẹtà bá ti jẹ ibi tí a fi ń lọ́ ọ, tuntun ni ó kù.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ mú ẹ̀rọ àtijọ́ dání tàbí kí ẹ wọn ìdí rẹ̀. Ìdajì ínṣì ni ti ọ̀pọ̀ ilé ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà lé ọwọ́ kí ẹ mọ bí ó ti wúwo tó: èyí tí a fi idẹ ṣe a máa wúwo, èyí tí a fi irin yẹpẹrẹ ṣe tí a wá kùn ní dídán a máa fúyẹ́. Ẹ sì má ṣe fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀rọ oníke tí ó nípọn dáadáa. Kò dán bí èkejì, ṣùgbọ́n omi tí ó kan tí irin sì wà nínú rẹ̀ kò lè jẹ ẹ́.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tí ń ta ọjà kì í sọ. Àwọn ẹ̀rọ olówó ńlá kan wà tí a ṣe fún ìlú tí omi ti ń wá pẹ̀lú ipá. Omi tí ó ń ti orí táǹkì sọ̀ kalẹ̀ kò ní irú ipá bẹ́ẹ̀. Gíga mítà 10 ni ó ń fún omi ní agbára tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bar 1. Bí omi inú táǹkì yín bá fi mítà 4 ga ju ẹ̀rọ ilé ìdáná lọ, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi bar 0.4 lọ. Bí a bá kọ ọ́ sí ara páálí ẹ̀rọ pé ó ń fẹ́ bar 1, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, nítorí pé yóò kàn máa ṣàn tínínrín nínú ilé yín ni.

BÍ A TI Ń ṢE IṢẸ́ NÁÀ

Àwọn ohun èlò tí a nílò kò pọ̀: sípánà tí a lè fẹ̀ tí a sì lè sún, téèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò, àkísà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó ti gbó, àti garawa kan.

Èkínní, ẹ sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń lo omi. Bí ilé bá jẹ́ ti onílé, ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa pọ́ǹpù, kí ẹ sì ti ọwọ́ ìdádúró omi. Bí irú ọwọ́ ìdádúró bẹ́ẹ̀ bá wà lábẹ́ síǹkì yín, ìyẹn tó. Kò sí ìdí láti ti ti gbogbo ilé. Ẹ ṣí ẹ̀rọ àtijọ́ sílẹ̀ kí omi inú páìpù ṣàn tán.

Èkejì, ẹ yọ ẹ̀rọ àtijọ́. Apá òsì ni a ń yí i sí. Bí ó bá le, ẹ má ṣe jà á. Ẹ sún un díẹ̀ sí iwájú, kí ẹ dá a padà díẹ̀, kí ẹ tún sún un, títí yóò fi tú fúnra rẹ̀. Páìpù tí ó wà nínú ògiri sábà máa ń jẹ́ oníke, òun sì ni agbára sípánà ń ṣẹ́. Ibí yìí gan-an ni èmi ti kùnà. Bí ẹ bá rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó ń yí, pé páìpù ń bá a yí nínú ògiri, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ ránṣẹ́ pe púlọ́ńbà.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nu ẹnu ìgúnpá páìpù náà, kí ẹ sì yọ gbogbo èérún téèpù àtijọ́ kúrò. Ẹ fi àkísà gbẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni dídì téèpù, òun sì ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ohun tí a ń pè ní Teflon ni a fi ń ṣe téèpù yìí, èyí tí Roy Plunkett ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938. Ẹ di ẹ̀rọ tuntun mú kí ibi tí a ó fi lọ́ ọ kọjú sí yín. Ẹ wé téèpù mọ́ ọn sí apá ọ̀tún, bí ọwọ́ aago ti ń lọ, kí ẹ sì máa fà á díẹ̀ kí ó lè wọ inú àwọn ìlà náà. Nǹkan bí ìgbà 8 sí 12 ni a ń wé e, bí téèpù bá ti fẹ́lẹ́ tó. Bí ẹ bá wé e sí òsì, bí ẹ ti ń lọ́ ẹ̀rọ wọlé ni yóò máa tú, omi yóò sì jò.

Ẹ̀karùn-ún, ọwọ́ lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lọ́ ẹ̀rọ wọlé. Bí kò bá lọ gbọọrọ, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un fi sí i, nítorí pé bí ó bá wọ̀ ní wíwọ́, yóò ba páìpù jẹ́. Ìgbà tí ọwọ́ kò bá lè yí i mọ́ ni a tó fi àkísà wé ara rẹ̀, kí sípánà má baà họ ọ́, kí a sì fi sípánà yí i títí ẹnu rẹ̀ yóò fi kọjú sí ìsàlẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju odindi ìyípo kan lọ. Bí ó bá kọjá ibi tí ẹ fẹ́, ẹ má dá a padà, nítorí pé téèpù náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ wé téèpù mìíràn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní tuntun.

Bí ó bá jẹ́ irú ẹ̀rọ tí ń dúró lórí síǹkì, tí ó ní rọ́bà omi méjì tí a fi wáyà hun lára, ẹ fi ọwọ́ lọ́ rọ́bà náà dé ibi tí agbára ọwọ́ mọ, kí ẹ wá fi sípánà fi ìdá mẹ́rin ìyípo kan lé e. Òsì ni ti omi gbígbóná, ọ̀tún ni ti omi tútù. Bí ẹ kò bá ní omi gbígbóná, ẹ fi ìdérí dí rọ́bà ti òsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi yóò gba ibẹ̀ dà sílẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, kí ẹ tó ṣí omi, ẹ tú asẹ́ kékeré tí ó wà ní ẹnu ẹ̀rọ kúrò, kí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ẹ wá ṣí ọwọ́ ìdádúró omi díẹ̀díẹ̀. Iyanrìn àti ìpẹtà tí ó ti wà nínú páìpù yóò kọ́kọ́ jáde. Bí omi bá ti mọ́, ẹ dá asẹ́ padà. Ẹ nu ìdí ẹ̀rọ náà kí ó gbẹ, kí ẹ ti ìwé pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn. Bí ìwé náà bá ṣì gbẹ lẹ́yìn wákàtí kan, tí ó sì tún gbẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ yín ti jọ.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Ní ibi tí omi ti ń pọ́n bí ti Eliozu, a ní láti máa tú asẹ́ ẹnu ẹ̀rọ ní oṣooṣù, kí a rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú, kí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ tí omi rẹ̀ kò yára mọ́, asẹ́ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó bá táǹkì tàbí onílé wí. Ẹ sì tọ́jú ẹ̀rọ àtijọ́ náà bí kò bá tíì bàjẹ́ pátápátá. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń kó kúrò, ẹ lè dá ohun onílé padà fún un, kí ẹ sì gbé tiyín lọ láìjà.

Ní ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, ìṣẹ́jú ogójì ni mo lò. Bàbá kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí mo ṣí omi tí kò jò, ó dìde, ó ní òun ń lọ jẹun. Mo ṣí omi padà fún gbogbo ilé ṣáájú wákàtí tí mo dá.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyá olóúnjẹ ni. Ẹ̀rọ tirẹ̀ náà ti ń jò. Ó ti ra tuntun, ó ti ra téèpù, ó sì ti sọ fún gbogbo ilé pé a óò ti omi ní aago mẹ́rin. Èmi nìkan ni kò tíì sọ fún.

Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀rọ tí ń kán lónìí kò yẹ kí ó di ìjà ilé lọ́la. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ ṣe é, ẹ sì sọ fún aládùúgbò yín kí ẹ tó ti omi. A kí yín o, Ọlọ́run yóò mú wa délé láyọ̀.